Ọ̀rọ̀ Wà Lórí, Eré Ò Sí: Bí Kíláàsì Kékeré Ṣe Ń Tú Ìwé Eré Kó Tó Gbé E Dé Orí Ìtàgé

Ẹni tó bá ti jókòó ti kíláàsì eré orí ìtàgé rí á ti mọ ìṣòro yìí. Òṣèré ti há ọ̀rọ̀ sórí, kò ṣi ẹyọ kan sọ. Ó pariwo níbi tó yẹ kó pariwo, omi tiẹ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tó ń wò ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù. Olùkọ́ á ní, "Fi ẹ̀mí sí i," òṣèré á tún gbé ohùn sókè sí i, eré náà á sì tún burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni náà há ọ̀rọ̀ sórí kó tó mọ ohun tí òun ń wá lọ́wọ́ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Ohùn tó fi há a ti gan mọ́ ọn lẹ́nu, kò sì sí ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ lè ṣe lórí ìtàgé tó máa yí i padà. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé mo ti ṣe é. Nínú eré tí mo kọ́kọ́ ṣe, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi há ọ̀rọ̀ mi níwájú dígí. Lọ́jọ́ eré, ẹni tó yẹ kó bi mí ní ìbéèrè gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi sì dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń fi ìhásórí sí ẹ̀yìn iṣẹ́ gbogbo.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Èèyàn mẹ́rin sí mẹ́jọ. Bí ẹ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan á kàn máa jókòó wo àwọn yòókù ni.
- Yàrá tó ṣófo, tó fẹ̀ tó mítà mẹ́rin sí márùn-ún. Bí dígí bá wà níbẹ̀, ẹ fi aṣọ bò ó.
- Ìran kan ṣoṣo. Ojú ewé méjì ti tó. Kíláàsì tó bá fẹ́ ṣe odindi eré ní oṣù àkọ́kọ́ kì í mọ ìkankan nínú rẹ̀ dáadáa.
- Ẹ̀dà ìwé eré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ojú kan ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, kí ẹ̀yìn lè ṣófo fún àkọsílẹ̀.
- Pẹ́ńsùlù àti írésà. Ẹ má lo bírò, torí ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ bá kọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ máa pa rẹ́.
- Ṣọ́ọ̀kì fún ilẹ̀, àga mẹ́rin, agbọ̀n kan, aṣọ díẹ̀, omi mímu.
- Wákàtí méjì, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
- Ẹnì kan ṣoṣo tó ń darí. Bí èèyàn mẹ́fà bá ń tọ́ òṣèré kan sọ́nà lẹ́ẹ̀kan náà, ibi kan náà ló máa dúró sí.

Kí ọ̀rọ̀ wa má bàa wà lófuurufú, mo kọ ìran kékeré yìí. Ẹ dà á kọ, ẹ fi í ṣe ìdánrawò.

*(Yàrá kan. Ìyábọ̀ ń ká aṣọ sínú agbọ̀n. Àkànní wọlé.)*

1. ÀKÀNNÍ: Ẹ kúuṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi.
2. ÌYÁBỌ̀: Àkànní. O ti jẹun?
3. ÀKÀNNÍ: Mo ti jẹun. Máṣíìnì màmá dà?
4. ÌYÁBỌ̀: Máṣíìnì wo?
5. ÀKÀNNÍ: Máṣíìnì ìránṣọ. Ibí yìí ló máa ń wà.
6. ÌYÁBỌ̀: Jókòó ná.
7. ÀKÀNNÍ: Mi ò jókòó. Máṣíìnì dà?
8. ÌYÁBỌ̀: Ọjọ́ mẹ́sàn-án lọmọ mi lò ní ọsibítù. O ò yọjú.
9. ÀKÀNNÍ: Ẹ ò pè mí.
10. ÌYÁBỌ̀: Mo pè ọ́. *(Ìdákẹ́jẹ́.)*
11. ÀKÀNNÍ: Èló lo tà á?
12. ÌYÁBỌ̀: Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?
13. ÀKÀNNÍ: Èló lẹ tà á?
14. ÌYÁBỌ̀: Kò tó owó ọsibítù. Jókòó, Àkànní. *(Àkànní jókòó.)*

Ìpele kìíní: Ẹ kà á, ẹ má ṣeré

Ẹ jókòó yíká. Nígbà àkọ́kọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa ka ìlà kan, ẹni tó tẹ̀ lé e á ka ìlà tó kàn, láìka ti ẹni tó ni ọ̀rọ̀ sí. Ọkùnrin lè ka Ìyábọ̀, obìnrin lè ka Àkànní. Nígbà kejì, ẹ yí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ padà. Nígbà kẹta, ẹnì kan á ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tòun ti ohun tó wà nínú àkámọ́, àwọn tó kù á di ojú wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: bí wọ́n bá ti pín ìwé báyìí, oníkálukú á ti máa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, kò ní ka ọ̀rọ̀ ẹnìkejì mọ́, á kàn máa retí kó kan òun ni. Nítorí náà, ẹ má pín ipa fún ẹnikẹ́ni títí ẹ ó fi dé ìpele kẹta.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ pa ìwé dé. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi gbólóhùn mẹ́ta sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò gbọdọ̀ sọ pé "inú bí i" tàbí "ó dùn ún". Ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n sọ nìkan ni. Bí ìtàn ẹni méjì ò bá bára mu, ẹ tún un kà.

Ìpele kejì: Ohun tí ìwé sọ, àti ohun tí a rò

Ẹ fa ìlà sí àárín ẹ̀yìn ìwé yín. Lápá òsì, ẹ kọ "Ìwé sọ ọ́". Lápá ọ̀tún, ẹ kọ "A rò ó". Ẹ wá máa to gbogbo ohun tí ẹ gbà pé ẹ mọ̀ sí ibi tó yẹ ẹ́.

"Ìyábọ̀ ju Àkànní lọ." Ìwé sọ ọ́, ìlà kìíní ni. "Màmá wọn ti kú." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo kíláàsì tí mo ti gbé irú ìran yìí fún ló kọ ìyẹn sí apá òsì. Ẹ padà lọ wo ìwé. Kò sí ibì kankan tó ti sọ pé màmá kú. Ó lè jẹ́ pé ó ti lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ mìíràn. Ó lè jẹ́ pé inú yàrá tó wà lẹ́yìn ògiri ló dùbúlẹ̀ sí, tó ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ gbìyànjú ìran yìí lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú màmá tó ti kú, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú màmá tó wà lẹ́yìn ògiri, ẹ ó rí i pé ohùn á yí padà fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún yín kí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Èyí tó tún wúwo jù ni ti ọmọ. Ìyábọ̀ ní ọmọ òun "lo" ọjọ́ mẹ́sàn-án ní ọsibítù, ó ti parí nìyẹn. Ìwé ò sọ bóyá ọmọ náà padà wálé. Ẹ gbọ́dọ̀ pinnu, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìpinnu yín ni, kì í ṣe ti ẹni tó kọ ọ́.

Ti ìlà kẹsàn-án àti ìkẹwàá ńkọ́? Ọ̀kan ní wọn ò pe òun, èkejì ní òun pè é. Àwọn méjèèjì ò lè jẹ́ òótọ́ bẹ́ẹ̀, àfi bí fóònù bá dún tí kò gbé e, tàbí bí ẹlòmíràn bá gbé e tí kò jíṣẹ́. Ẹni tó máa ṣe Àkànní á pinnu tirẹ̀, ẹni tó máa ṣe Ìyábọ̀ á pinnu tirẹ̀. Wọn ò ní láti sọ fún ara wọn.

Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí pẹ̀lú "èmi", bí ẹni pé òun ni Àkànní, kó tún dáhùn wọn bí ẹni pé òun ni Ìyábọ̀: Níbo ni mo ti ń bọ̀? Kí ni mo ti mọ̀ kí n tó wọ yàrá yìí? Kí ni mi ò tíì mọ̀? Konstantin Stanislavski, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá ilé eré Moscow Art Theatre sílẹ̀ ní 1898, máa ń kọ́ àwọn òṣèré rẹ̀ pé kí wọ́n bi ara wọn pé: bó bá jẹ́ èmi ni mo wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ni mo máa ṣe? Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ẹ máa *ṣe* ló ní kí ẹ bi ara yín.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí ẹnì kan mú ohunkóhun lápá òsì ìwé ẹlòmíràn, kó ní, "Fi hàn mí." Ẹni náà gbọ́dọ̀ lè fi ìka tọ́ ìlà kan. Bí kò bá rí i tọ́, apá ọ̀tún ló ń lọ.

Ìpele kẹta: Kí lò ń wá lọ́wọ́ ẹni yìí?

Ìsinsìnyí lẹ lè pín ipa. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Mo fẹ́ kí…", kí orúkọ ẹnìkejì tẹ̀ lé e, kó sì parí sí ohun tí ojú lè rí tàbí tí etí lè gbọ́.

Ti Àkànní lè jẹ́: "Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ti ta máṣíìnì." Ẹ wo "wọn" àti "àwọn" yẹn. Bí ẹni tó ń ṣe Àkànní bá kọ "fẹnu ara rẹ̀", kò tíì wọ ara àbúrò. Kó pa á rẹ́, kó tún un kọ.

Ti Ìyábọ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ obìnrin tó bá gba ipa yìí máa ń kọ "Mo fẹ́ kí Àkànní mọ ìyà tó jẹ mí". Ojú ò lè rí ìyẹn. Ẹ padà sínú ìwé: kí ló sọ lẹ́ẹ̀mejì? "Jókòó." Ìlà kẹfà ló wà, ó tún wà ní ìkẹrìnlá, ìgbà tí Àkànní sì jókòó ni ìran parí. "Mo fẹ́ kí Àkànní jókòó" dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dìde dúró ṣì lè jáde lọ. Ìyábọ̀ ò fẹ́ kó jáde. Òṣèré tó bá di ọ̀rọ̀ yìí mú ò ní wá ohun tó máa fi ọwọ́ ṣe tàbí ibi tó máa wò, torí àga ló máa máa wò.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìṣe kan sí ẹ̀gbẹ́ ìlà yín kọ̀ọ̀kan: kí ni mo ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe sí ẹni yìí? Bẹ̀. Tàn. Tù nínú. Dójú tì. Dẹ́rù bà. Dá dúró. Dá lẹ́bi. Dán wò. Èdè wa ní wọn rẹpẹtẹ. Ẹ mú ìlà kejì, "O ti jẹun?". Ẹ kọ́kọ́ fi tù ú nínú. Ẹ tún fi dá a dúró kó má bàa béèrè ohun tó bá wá. Ẹ tún fi dójú tì í, bí ẹni ń sọ pé ebi nìkan ló máa ń gbé e wá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, ó sì di ìkíni mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni pé kí òṣèré kọ "bínú", "sunkún" tàbí "ronú". Ẹ fi "mi" dán an wò. "Ó ń tàn mí", "ó ń bẹ̀ mí", "ó ń dójú tì mí": ó ṣe é sọ. "Ó ń sunkún mi", "ó ń ronú mi": kò ṣe é sọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí kò bá lè gba "mi" ò kan ẹnìkejì yín, ẹ pa á rẹ́.

Ẹ wá fa ìlà gbọọrọ níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti yí. Nínú ìran yìí, mo rí i ní ìlà kẹta tí ìkíni parí, ní ìkẹjọ tí ọmọ wọ ọ̀rọ̀, àti lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́. Bí tiyín bá ju mẹ́rin lọ, ẹ ti ń gé e kéékèèké jù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ sọ ìlà kan fún ẹnìkejì yín láìfi ìwé hàn án. Kó sọ ohun tí ẹ ṣe sí òun. Bí ó bá ní, "O tàn mí," tí ohun tí ẹ kọ sì jẹ́ "bẹ̀", kó má bínú, ẹ má sì jiyàn. Ẹ tún un sọ.

Ìpele kẹrin: Ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀

Mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ níbí ju ibikíbi lọ. Àwọn ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé nílẹ̀ òkèèrè á sọ fún yín pé kí ẹ wá ohun tí ẹ̀dá ìtàn ń fi pamọ́. Wọn ò lè sọ ibi tí Yorùbá máa ń fi í pamọ́ sí.

"Ẹ" àti "o" ni ẹ kọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wá. Láti ìlà kìíní ni Àkànní ti ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ẹ". Ní ìkọkànlá, ó ní, "Èló *lo* tà á?" Ìró kékeré kan ló yí padà, ilé sì wó. Ìyábọ̀ ò dá a lóhùn iye owó. Ó bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Àkànní tún ìbéèrè rẹ̀ sọ, ó dá "ẹ" padà, síbẹ̀ kò bẹ̀bẹ̀, kò sì sọ pé ẹ má bínú. Ìlà mẹ́ta yìí ni ọkàn ìran. Ẹni tó bá sáré kọjá "lo" yẹn ti ba gbogbo iṣẹ́ tó kù jẹ́. Ẹni tó bá pariwo rẹ̀ náà ti bà á jẹ́, torí ó já bọ́ lẹ́nu Àkànní ni, kò gbèrò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣáà dún ketekete.

Ẹ wo ìkíni. Àkànní ní "ẹ kúuṣẹ́". Ìyábọ̀ ò jẹ́ ẹ. Orúkọ ló pè. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà sí ilé Yorùbá mọ̀ pé ìkíni tí wọn ò jẹ́ ti di ọ̀rọ̀.

Ẹ wo orúkọ fúnra rẹ̀. Àkànní jẹ́ oríkì. Oríkì ni ìyá fi máa ń rọ ọmọ, Ìyábọ̀ sì pè é lẹ́ẹ̀mejì, ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí. Ìyábọ̀ ńkọ́? Ọmọbìnrin tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú ìyá àgbà ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń jẹ́ "ìyá bọ̀" ló ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó jókòó, ẹni náà ló sì ta máṣíìnì ìyá. Ẹ má ṣe ka orúkọ sí ohun tí òǹkọ̀wé kàn mú láti ojú sánmà, pàápàá nínú eré Yorùbá.

Ìbéèrè tí kì í ṣe ìbéèrè: "Máṣíìnì wo?" Ó mọ̀. Àkànní mọ̀ pé ó mọ̀.

Kò sí òwe nínú ìran yìí. Bí tiyín bá ní òwe, ẹ wo ẹni tó pa á àti ẹni tó pa á fún. Ọmọdé tó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà á ní "tótó, ó ṣe bí òwe". Bí òǹkọ̀wé bá yọ ìyẹn kúrò lẹ́nu ọmọdé, ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni.

Ìdákẹ́jẹ́ ló kù. Ẹ má ka ìṣẹ́jú àáyá nínú rẹ̀. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ gbólóhùn tí ì bá sọ níbẹ̀ tí kò sọ. Ìgbà tí ẹ bá ti gbé gbólóhùn yẹn mì ni ìdákẹ́jẹ́ parí.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ṣe ìran náà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, kí òṣèré sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ síta, kí ẹnìkejì tó dáhùn. Bí ohun tí ẹ sọ lábẹ́ bá jọ ti òkè, ẹ ò tíì rí nǹkan kan.

Ìpele karùn-ún: Ìhásórí

Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ara yín ṣe ìran náà, láìwo ìwé. Kò ṣàjèjì sí wa. Nínú ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri Yorùbá, irú ti Hubert Ògúnǹdé, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu òṣèré ni wọn kì í kọ sílẹ̀ tán. Òṣèré mọ ìtàn, ó mọ ibi tí ìran ń lọ, á sì fi ọgbọ́n ara rẹ̀ dé ibẹ̀. Bí ẹ ò bá lè fi ọ̀rọ̀ ara yín dé ibi tí Àkànní ti jókòó, ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé náà ò ní gbé yín débẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá há a, bí ó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ẹ fọwọ́ dà á kọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jókòó pẹ̀lú ẹnìkejì yín, ẹ máa sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn lásán, láìfi nǹkan kan sí i. Ẹ há ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà, kí ẹ sì mọ ẹyọ ọ̀rọ̀ tó mú yín dáhùn. Kì í ṣe gbogbo ìlà kẹjọ ló mú Àkànní dáhùn. "O ò yọjú" ló gún un.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ ló sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ kún un níbí. Ẹni tó bá sọ "Èló lẹ tà á?" ní ìlà kọkànlá nítorí pé ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọ̀wọ̀ ti pa ìran náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ ń gbálẹ̀, nígbà tí ẹ ń fọ abọ́, àti nígbà tí ẹnì kan ń ju bọ́ọ̀lù sí yín. Ẹ fi fóònù gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Bí orin ohùn yín bá jẹ́ ọ̀kan náà nínú gbogbo wọn, ó ti gan. Ẹ yí ọ̀rọ̀ ìṣe ẹ̀gbẹ́ ìlà padà, ẹ tún un sọ.

Ìpele kẹfà: Ohùn

Ẹ dùbúlẹ̀, ẹ gbé ìwé lé ikùn. Bí ẹ bá mí sínú, kí ìwé gòkè. Àyà àti èjìká ò gbọdọ̀ mì. Ẹ wá jẹ́ kí èémí jáde pẹ̀lú "sssss" títí yóò fi tán fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́ ti tó. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá ń ta yín, ẹ dúró.

Kí ohùn dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yàtọ̀ sí igbe. Bí a bá ń kígbe, gbogbo ohùn ọ̀rọ̀ á sáré gun òkè, èdè wa ò sì lè fara da ìyẹn. "Máṣíìnì dà?" tí ẹ kígbe á di "dá". "Mo pè ọ́" á di "pé". Òǹwòran á gbọ́ ariwo, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ fẹ̀ sí i bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ sókè.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹnì kan á kọ ẹ̀yìn sí yín níbi ògiri tó jìnnà jù, á máa kọ ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn ìlà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ẹ fi wé ìwé.

Ìpele keje: Ara àti ààyè

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya ìtàgé sílẹ̀: ẹnu ọ̀nà, àga, agbọ̀n, ibi tí òǹwòran wà. Ọ̀tún ìtàgé ni ọ̀tún òṣèré tó kọjú sí òǹwòran. Ẹ fẹnu kò lórí èyí lọ́jọ́ kìíní.

Ìrìn tí kò bá ní ọ̀rọ̀ ìṣe, ẹ yọ ọ́. Ẹ má ṣí ẹsẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó, torí ojú òǹwòran á bá ẹni tó ń rìn lọ.

Ìkíni Àkànní yẹ kó gba odindi ọjọ́ kan lọ́wọ́ yín. Ṣé ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja? Ṣé ó kàn tẹ̀ba, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ò kan ilẹ̀? Ṣé orí nìkan ló tẹ̀, tí ojú rẹ̀ ti ń wá ibi tí máṣíìnì máa ń wà? Ẹ gbìyànjú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tó wá sọ "lo" lẹ́yìn ìlà mẹ́wàá ti rin ọ̀nà jíjìn ju ẹni tó tẹ orí lọ.

Ní ti Ìyábọ̀, aṣọ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Mo rí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ṣe é báyìí, mi ò sì tíì gbàgbé. Ó ń ká ìró, ó ń ká bùbá, wéré wéré, bí ẹni tí ọwọ́ ti mọ́. Ní ìlà kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ní ìkarùn-ún, ó dúró. Ní ìkẹjọ, aṣọ tó fà yọ jẹ́ aṣọ ọmọdé. Ó sọ "ọjọ́ mẹ́sàn-án", ó tẹ́ aṣọ náà sórí itan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ dọ́gba, apá ọ̀tún, apá òsì, kò sì ká a. Ó fi í sílẹ̀ lórí itan bẹ́ẹ̀ títí ìran fi parí. Kò sunkún rárá. Àwa tó kù nínú yàrá ò lè wo ara wa.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ṣe gbogbo ìran láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Kí ẹni tí kò tíì ka ìwé sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wá.

Ìpele kẹjọ: Ẹ gbọ́ ara yín

Sanford Meisner, olùkọ́ òṣèré ní New York, ní ìdánrawò kan tó bá kíláàsì kékeré mu. Ẹni méjì á kọjú síra wọn. Ọ̀kan á sọ ohun tó rí: "O ń rẹ́rìn-ín." Èkejì á dá a padà: "Mò ń rẹ́rìn-ín." Wọ́n á máa tún un sọ títí nǹkan gidi kan á fi yí láàárín wọn, tí ọ̀rọ̀ á sì yí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ẹ tó ṣe ìran.

Kíláàsì wa ní ìṣòro mìíràn tí Meisner ò mọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹni tó ń ṣe Ìyábọ̀ jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ẹni tó ń ṣe Àkànní sì ti lé ní ogójì. Ọmọbìnrin náà ò ní lè wo bọ̀dá yẹn lójú kó sọ pé "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?". Ohùn rẹ̀ á kúnlẹ̀ láìmọ̀. Ẹ má ṣe bá a wí pé kò nígboyà. Ilé tó ti jáde wá ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ó sì dára. Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ ni pé kí àgbà fẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda, níwájú gbogbo kíláàsì: "Bí a bá ti kọjá ìlà ṣọ́ọ̀kì yìí, àbúrò rẹ ni mí." Kí wọ́n kọjá ìlà náà pọ̀. Bí ìran bá parí, kí wọ́n padà kọjá rẹ̀, kí ọmọ náà sì kúnlẹ̀ kí àgbà rẹ̀ bó bá wù ú. Ẹ má fo ìpadà yẹn. Láìsí i, ẹ̀rù á tún bà á lọ́jọ́ kejì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Láìsọ fún Ìyábọ̀, kí olùdarí ní kí Àkànní yí ọ̀rọ̀ ìṣe ìlà kan padà. Bí ohùn Ìyábọ̀ bá yí nínú ìdáhùn rẹ̀, ó ń gbọ́. Bí kò bá yí, ó ń dúró de kó kan òun.

Ìpele kẹsàn-án: Ẹ fi han èèyàn

Ẹ pe èèyàn mẹ́wàá tí kò mọ nǹkan kan nípa ìran náà. Lẹ́yìn eré, ẹ má béèrè bóyá ó dára, torí "ẹ kú iṣẹ́" ni wọ́n máa sọ. Ẹ bi wọ́n ní ohun mẹ́ta: Kí ni ọkùnrin yẹn ń wá? Ìgbà wo lọ̀rọ̀ yí padà? Ọmọ yẹn ńkọ́?

Bí wọ́n bá ní ìgbà tó sọ "lo" fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, ìpele kẹrin ti ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá dákẹ́ lórí ti ọmọ, tàbí tí ẹnì kan bá ní òun ń wo aṣọ orí itan yẹn, ẹ ti dé ibi tí ẹ ń lọ. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ń yin ohùn yín tí wọn ò sì lè sọ ohun tí Àkànní bá wá, ẹ má tún ohùn ṣe. Ẹ mú írésà, ẹ padà sí ìpele kẹta.